Àpótí Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìkirè, láti Èrèlé di Òkúdù

Hẹ́kítà kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, bí a bá fi mítà mẹ́ta àti mítà méjì ya ìdí kan sí èkejì, ọmọ 1,667 ló ń gbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń din dòdò Ìkirè tà ló fẹ́ gbin hẹ́kítà kan yìí, kó má baà máa dúró de ọkọ̀ àwọn alájàpá mọ́. Ilẹ̀ wà, òṣìṣẹ́ wà. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kò sí. Àwọn tí wọ́n ń kó jọ tà lẹ́bàá títì, bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn díẹ̀, ẹ ó rí ihò dúdú tí ìdin ti gbẹ́ kọjá. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀, kòkòrò ló fowó rà lọ sóko. A wá pinnu pé a ó kan àpótí, kí a máa bí tiwa níbẹ̀.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. N ó sì máa sọ ohun tó fà á tí a fi ń ṣe nǹkan kọ̀ọ̀kan, torí ìwọ̀n pákó nìkan kò lè bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Kí ló dé tí àgbagbà kì í bímọ bọ̀rọ̀?

Ìtí tí à ń rí lókè yẹn kì í ṣe igi. Ìdí ewé ló wé mọ́ra wọn, ọ̀kan lórí èkejì. Igi rẹ̀ gan-an ni kókó tó wà nínú ilẹ̀. Níbi tí ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ti lẹ̀ mọ́ kókó yìí, ojú kan wà níbẹ̀ bíi ti ojú ara iṣu, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì lè di odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀mùnú àárín, ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, ń rán oje kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní auxin wá sísàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí oje yẹn bá ń ṣàn, ọ̀pọ̀ ojú ẹ̀gbẹ́ kì í jí. Gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ní ìwà yìí, ti àgbagbà ló wá le. Ó lè di ìgbà tí ìyá bá fẹ́ yọ òdòdó kí ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó rí ààyè dàgbà.

Ẹnìkan lè sọ pé kí a gbin kóró rẹ̀. Kóró dà? Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó méjì tí àgbagbà ti ṣẹ̀ wá, Musa acuminata àti Musa balbisiana, ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n wà, kóró inú wọn sì le bí ẹni ń jẹ òkúta. Àgbagbà tiwa ní ìdì mẹ́ta kírómósómù, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-tín inú ara ohun abẹ̀mí tó ń gbé ìwà ìyá wọ ara ọmọ, mọ́kànlá nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ohun ọ̀gbìn tó bá fẹ́ ṣe kóró gbọ́dọ̀ pín ìdì rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba, apá kan fún akọ, apá kan fún abo, ìdì mẹ́ta kò sì ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ èso rẹ̀ a máa yọ, a sì máa wú, láìjẹ́ pé akọ kan abo rárá. Àmì dúdú wínníwínní tí ẹ ń rí láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹ bá gé e, ibi tí kóró ìbá wà nìyẹn. Láti ìgbà tí ẹ̀yà yìí ti wà, ọwọ́ ènìyàn ló ń gbé e láti oko dé oko. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò: àwọn àgbà ti rí i tipẹ́.

Ọ̀nà tí a lò kì í ṣe tiwa. Moïse Kwa, ní ilé ìwádìí CARBAP ní Cameroon, ló gbé e jáde ní 2003, IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, náà sì ti fi irú rẹ̀ kọ́ àwọn àgbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ohun kan ṣoṣo: ba ọ̀mùnú àárín jẹ́, kí àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ lè jí.

Èrèlé: kíkan àpótí

Pákó mẹ́ta la rà, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà kan ní fífẹ̀. Méjì di ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀kẹta la gé sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin-mẹ́rin: ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún ẹsẹ̀, ọ̀kan láti fi dá àárín sí méjì. Káfíńtà fẹ́ kan pákó sísàlẹ̀ pẹ̀lú, mo ní kó fi sílẹ̀. Pákó tó bá ń wà nínú omi lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹrà. Òkúta wẹ́wẹ́ la tẹ́, a wá tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e kí ohun tó wà nínú ilẹ̀ má baà gòkè wá bá wa, a sì fi ìṣó dá ọ̀rá náà lu kí omi lè jò lọ.

Lókè, a la ọparun, a tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, a sì fi ọ̀rá funfun tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé bò ó látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀rá yìí pọ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ. Kókó tí a ti gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ kò lè fa omi mu. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá fẹ́ sí i, ojú rẹ̀ a gbẹ kó tó jí. Ọ̀rá ló ń sé ọ̀rinrin àti ooru mọ́ inú. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kan náà, bí oòrùn ọ̀sán Ẹrẹ̀nà bá rí i, á se ohun tó wà nínú rẹ̀ jinná. A wá kọ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹ má fi àtíbàbà ṣeré. Bí owó bá kù díẹ̀, ẹ dín pákó kù, kí ẹ jẹ́ kí ibòji pé.

Lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́mìlì la fi kún inú rẹ̀. Ó ń di omi mú, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, gbòǹgbò tuntun kì í já nígbà tí a bá ń fà á yọ. Kò ní oúnjẹ kankan nínú fún ohun ọ̀gbìn, kò sì burú, torí oúnjẹ tí kókó ti kó pamọ́ ni àwọn ọmọ yóò máa jẹ. Ẹ ṣáà béèrè lọ́wọ́ àwọn ará sọ́mìlì bóyá wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí igi náà. Tiwa, àpò-àpò la fi sè é nínú dúrọ́ọ̀mù: omi nísàlẹ̀, àwọ̀n irin láàárín, àpò lókè, iná lábẹ́ rẹ̀ títí ooru fi gba àárín àpò kọjá. A jẹ́ kó tutù kí a tó dà á sínú àpótí.

Ẹrẹ̀nà: yíyan ìyá

Bí ẹ bá bi mí, àpótí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ yìí lọ. Yíyan ìyá ni ìyókù.

Níbi tí akọ àti abo bá ti pàdé, ọmọ a mú díẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, a mú díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, ohun tí ìyá kò ní, bàbá lè ní in. Nínú àpótí yìí, kò sí ohun tó jọ ọ́. Ìyá tó ń so ìka mẹ́rìnlá yóò bí ogún ọmọ tí wọ́n mú ìwà so-ìka-mẹ́rìnlá dání. Ìyá tó ní àrùn yóò pín in kárí. Ẹ̀gbọ́n mi mọ oko rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló sì wà níwájú bí a ṣe ń rìn láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Má fọwọ́ kan ìyẹn. Ẹ̀rún tó kọjá, àfi bíi pé ó ń bínú sí mi."

"Èyí tó wà lẹ́bàá ògiri ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìyẹn dáa. So ó mọ́ ọn."

Aṣọ pupa la ń so mọ́ èyí tó bá yàn. Lẹ́yìn náà la wá wo irú ọmọ tó wà nídìí rẹ̀. Èyí tí ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà, tí ìdí rẹ̀ sì nípọn, la wú. Èyí tí ewé rẹ̀ ti fẹ̀ láti kékeré, kókó rẹ̀ a máa kéré, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ìyá dáadáa, a fi í sílẹ̀. Ọgọ́ta la kó wọ inú àpótí. Kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìyá tó ti wá lára pátákó kékeré tí a kàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí i níwájú pé nọ́ńbà yìí ló gbà wá.

Ọ̀bẹ àti omi gbígbóná

Àgbàlagbà tó ń bójú tó oko, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oko, bá mi níbi tí mo ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí, ìwọ ọmọ yìí."

"Bàbá, kì í ṣe ìtí la fẹ́ gé. Ojú la ń wá, ojú yẹn kò sì gbọdọ̀ fara gbọgbẹ́."

Ó jókòó, ó ní kí n mú ọ̀bẹ kan fún òun náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló wá mọ́ jù nínú gbogbo wa.

Àkọ́kọ́, a gé gbòǹgbò gbogbo, a sì fi ọ̀bẹ bó ara kókó náà títí ó fi funfun báláú. Bí a bá rí ihò tàbí àpá dúdú tó wọlé jinlẹ̀, a jù ú nù. Kòkòrò tó ń gbẹ́ ihò yìí, Cosmopolites sordidus, dúdú ni, ó ní ẹnu gígùn, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, ìdin tó bá pa ló ń jẹ kókó. Àwọn aràn tín-ín-tín tí ojú kò rí sì tún wà nínú gbòǹgbò. Fún àwọn tó kù lára wọn, a gbé ìkòkò ńlá ka iná, nígbà tí omi hó yaayaa, a ri kókó kọ̀ọ̀kan bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, a sì yọ ọ́. Àwọn olùwádìí IITA ló fi yé àwọn àgbẹ̀ pé èyí tó. Tẹ́lẹ̀, omi tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ta ló sì ní òṣùwọ̀n ooru lóko? Omi tó ń hó kò nílò òṣùwọ̀n. Bí ó bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ, ojú yóò jinná. Bàbá Oko ló ń kà á sókè.

Ẹ̀yìn èyí la bó ìdí ewé kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kì í fà á ya. A ń gé e yí po, a ń fi bín-ín-tín sílẹ̀ lókè ibi tó ti lẹ̀ mọ́ kókó, torí pé ojú wà ní kọ̀rọ̀ ibẹ̀ gan-an, ó rí ṣóńṣó, ó funfun, ó sì ń ya bọ̀rọ̀. Bí a ti ń bó o ni ojú mìíràn ń fara hàn. Nígbà tó ku ọ̀mùnú àárín nìkan, a fi orí ọ̀bẹ gé e ní àgbélébùú, kí ó wọlé dé ibi tí ewé tuntun ti ń ṣẹ̀. Oje tó ń ṣàn wá sísàlẹ̀ ti dáwọ́ dúró nìyẹn. A ń ri ọ̀bẹ sínú omi blíìṣì kí a tó mú kókó mìíràn, a sì tẹ́ gbogbo wọn sí ibòji títí di ọjọ́ kejì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ.

Nínú àpótí, a tò wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn, a sì fi lẹ́búlẹ́bú bò wọ́n mọ́lẹ̀, kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. A bu omi rin wọ́n, a sì sé ọ̀rá.

Igbe: ohun tó kọ́kọ́ hù kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀

Olú ló kọ́kọ́ hù. Ní igun àpótí tó wà níhà ìsàlẹ̀, fọ́nrán funfun ta bo lẹ́búlẹ́bú, ó sì wá di àwọ̀ ewé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Omi ló ń dúró níbẹ̀, ilẹ̀ dà díẹ̀ sí ìhà yẹn, ihò ìṣó kò sì tó. A kó lẹ́búlẹ́bú igun náà jáde, a fi irin gbígbóná dá ọ̀rá lu sí i, a gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré sábẹ́ pákó, a sì fi èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè dí ààyè rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ la fi ń mọ ìgbà tí a ó bomi: bí a bá fún lẹ́búlẹ́bú ní ìkúùkù, kó tutù, kí omi má sì kán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní SS 2, wá bá mi ní àkókò yẹn pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá lórí bí àwọn ohun abẹ̀mí ṣe ń bí láìsí akọ àti abo. "Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó," ó ti ya amíbà, ó ya háídírà, ó sì há sórí ìwúkàrà. Mo fi igun olú yẹn hàn án: eruku àwọ̀ ewé tó wà lórí rẹ̀, irúgbìn olú ni gbogbo rẹ̀, atẹ́gùn lásán ló ń gbé e, kò sí ìgbéyàwó nínú rẹ̀. Ti ìwúkàrà wà nínú ẹmu Bàbá Oko. Ọmọ a wú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, a dàgbà díẹ̀, a já, a sì fi àpá sílẹ̀ lára ìyá. Ìdí tí ẹmu àárọ̀ fi ń dùn, tí ti ìrọ̀lẹ́ fi ń pani, ni pé wọ́n ti pọ̀ sí i, wọ́n sì ti jẹ ṣúgà rẹ̀ tán. Amíbà ló dùn mọ́ mi jù. Kókó inú rẹ̀ á kọ́kọ́ pín sí méjì, ara á tẹ̀ lé e, kò wá sí ẹni tí ẹ ó pè ní ìyá mọ́. Bakitéríà náà ń pín bẹ́ẹ̀. E. coli, bí ó bá rí oúnjẹ àti ooru tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ogún ìṣẹ́jú ló fi ń di méjì, ọ̀kan ṣoṣo lè di mílíọ̀nù 16 ó lé ní wákàtí mẹ́jọ. Ọmọ náà ní òun kò ní jẹ ọbẹ̀ àná mọ́. Mo ní kó kàn gbé e kaná.

Èyí tó yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ fi kọ́ wọn wà lára ọgbà: àbámọdá. Ewé rẹ̀ kan já bọ́ sílẹ̀, ọmọ sì ti yọ ní gbogbo etí rẹ̀, pẹ̀lú gbòǹgbò. Ó já a lọ sí ilé ìwé.

Lẹ́yìn olú yìí ni àwọn ojú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá jí. Ṣóńṣó funfun ló kọ́kọ́ la lẹ́búlẹ́bú, wọ́n sì di àwọ̀ ewé bí ìmọ́lẹ̀ ti kàn wọ́n. Wọn kò dọ́gba rárá. Ìdí kan bí ju ọgbọ̀n lọ, òmíràn kò ju mẹ́fà. Ìtóbi kókó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ọwọ́ ẹni tó bó o wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí Bàbá Oko bó ló bí jù.

Àwọn tó kọ́kọ́ sanra nínú wọn, a kò yọ wọ́n. A gé orí wọn, a tún fi ọ̀bẹ gé àárín wọn ní àgbélébùú, wọ́n sì bí tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí iye náà ti ga sókè nìyẹn. Ẹni tó bá kánjú yọ gbogbo àkọ́bí yóò rí ìdajì ohun tó yẹ kó rí.

Èbìbí: ọ̀rá kéékèèké, àti ìdí tí a dáná sun

Ọmọ tó bá ti ní ewé mẹ́ta sí mẹ́rin, a fi ọ̀bẹ là á kúrò lára ìyá pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀, a gbìn ín sínú ọ̀rá tó kún fún ilẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, abẹ́ ọ̀rá ńlá ló wà síbẹ̀, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, a sì ń dín imọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn mọ̀ ọ́n lára.

Níbẹ̀ ni mo ti rí ọmọ méjì tí ewé wọn há, tí wọ́n dúró gbọnrangandan, tí etí wọn pọ́n. Mo wo nọ́ńbà: ìyá kan náà ló bí wọn. Àrùn kan wà tí òyìnbó ń pè ní bunchy top, kòkòrò àrùn fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Wọ́n ti rí i ní Benin Republic, wọ́n sì ti rí i ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́bàá bodè. Omi gbígbóná kò lè ṣe é ní nǹkan, torí inú ara ohun ọ̀gbìn gan-an ló wà, kò sí lórí èèpo. Iná orí ewé, kòkòrò kékeré tó ń fa oje ewé mu, tí wọ́n ń pè ní Pentalonia nigronervosa, ló ń gbé e láti ìdí dé ìdí. Òun pàápàá, abo ló pọ̀ jù nínú wọn, abo wọ̀nyí sì ń bí abo lóòyẹ̀ láìrí akọ. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú ọ̀rá rẹ̀ lónìí yóò rí agbo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó lè jẹ́ ohun mìíràn ló ṣe ewé wọ̀nyẹn, àìtó oúnjẹ tàbí oòrùn. Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè ìdí tí a ó fi pa àwọn ọmọ yòókù tí ara wọn dá. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ara kan náà ni wọ́n. Ohun tó bá wà nínú ìyá, ó lè wà nínú gbogbo wọn kó tó hàn." Ó dákẹ́, ó ní kí a sun ún. A kó gbogbo ọmọ ìyá yẹn, pẹ̀lú kókó tó bí wọn, a sì padà sí oko lọ wú ìdí ìyá náà fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ńbà lára wọn, gbogbo àpótí ni à bá dáná sun.

Ewu kan náà ló pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ Gros Michel tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí òkèèrè láti Central America. Irú kan ṣoṣo ló kún oko wọn, láti ara ọmọ dé ara ọmọ, àrùn Panama wọlé láti inú ilẹ̀, nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, wọ́n ti fi Cavendish rọ́pò rẹ̀. Ọmọ oríṣi kan ṣoṣo náà sì ni Cavendish. Nínú hẹ́kítà wa, a fi oríṣi mìíràn tí ìdì rẹ̀ gùn sí àárín àgbagbà, ìlà kan lẹ́yìn ìlà mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ní kì í rọ̀ dáadáa fún dòdò.

Òkúdù: oko

Òjò ti dúró dáadáa. A ń gbin àwọn àkọ́kọ́, àwọn tó ti lò ju oṣù kan nínú ọ̀rá tí wọ́n sì ní ewé tó le. Ihò ẹsẹ̀ bàtà kan, ààtàn nísàlẹ̀, a gé ọ̀rá dànù, a kò tú ilẹ̀ gbòǹgbò. Koríko gbígbẹ la fi bo ìdí wọn. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ ti wà nílẹ̀, ìyókù wà lábẹ́ imọ̀ títí di Agẹmọ.

Kókó tó ti bí tán, tó ti rọ̀, a gé e sínú ààtàn. Lẹ́búlẹ́bú àpótí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì láìtún un sè, òun náà bọ́ sí ààtàn. Pákó ìhà ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àwa yóò sì fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀ kí Èrèlé tó tún dé. Bàbá Oko ní kí n fi ààyè kan sílẹ̀ fún èbù iṣu nínú rẹ̀. Mo ti ní kó mú iṣu wá.